Mo gbé Linux sórí kọ̀ǹpútà àgbà nínú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, ní Ṣómólú

Bàbá onílé wa ló dá iṣẹ́ yìí sí mi lọ́rùn. Kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, inú yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìfowópamọ́ kan ní Marina ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Bí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, tí gbogbo ará ilé bá jáde síta láti gba atẹ́gùn, ìtàn yàrá yẹn ni wọ́n máa ń sọ fún wa: òtútù rẹ̀ tó ń múni wọ súẹ́tà nínú ooru oṣù kẹta, téèpù tó tóbi bí àwo ìjẹun, káàdì tó máa ń há sẹ́nu ẹ̀rọ lóru ọjọ́ tí owó oṣù fẹ́ jáde. Lálẹ́ ọjọ́ kan ẹnu yún mi, mo ní, "Bàbá, ẹ̀rọ tí ẹ ń wí yìí, Linux ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ báyìí o."

Wọ́n wò mí títí. "Linux wo? Èyí tí ìwọ ń lò yìí?"

"Òun náà ni, sà."

"Irọ́ ni."

Ó parí. Linux ni ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà mi, bí Windows ṣe ń darí ti ẹlòmíràn. Irọ́ tí wọ́n pè mọ́ mi yẹn gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Mo kọ bó ṣe lọ síbí, ibi tí mo ti ṣìnà ni mo sì máa dúró sí jù, nítorí pé ibi tí nǹkan ti dán mọ́rán, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́ níbẹ̀.

Ohun tó wà nílẹ̀

Kò sẹ́ni tó ń ta mainframe, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà bíi ti Bàbá, ní òpópónà Ọ̀tìgbà. Ohun tí wọ́n ń tà ní Computer Village ni mo rà lọ́dún méjì sẹ́yìn: láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, Core i5, mẹ́mórì 8GB, bátìrì tí kì í gbé ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ẹ má gbàgbé bátìrì yẹn.

Hercules ló jẹ́ kí iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe. Ètò afarawé ni, Roger Bowler ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1999. Ó ń ka ìtọ́ni tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà àgbà IBM lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ṣe ohun tí ẹ̀rọ gidi ì bá ṣe, bẹ̀rẹ̀ láti System/370 ti àtijọ́ títí dé ìdílé z ti òde òní. Ọ̀fẹ́ ni. Ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kò mọ̀ pé inú láptọ́ọ̀pù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán lòun wà.

Ẹnìkan máa bi mí pé kí ló dé tí n kò lo QEMU, ètò afarawé mìíràn. Mo mọ̀ ọ́n. qemu-system-s390x wà, ó sì yá ju Hercules lọ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n díìsìkì virtio, èyí tí wọ́n dá fún ẹ̀rọ afarawé nìkan, ni ó máa fún mi, Bàbá ò sì ní rí ohun kan tí ojú wọn mọ̀ nínú ẹ̀. Díìsìkì 3390 ti IBM ni mo fẹ́, channel tó ń gbé iṣẹ́ lọ bá díìsìkì ni mo fẹ́, IPL tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ náà ni mo fẹ́. Èmi àti ẹni tó pè mí ní òpùrọ́ ni.

Sátidé àkọ́kọ́

Mo fi apt gbé Hercules wọlé, ẹ̀dà 3.13. Mo wa Ubuntu 20.04, irú Linux kan, ti s390x wálẹ̀; s390x ni orúkọ tí Linux ń pe irú ẹ̀rọ yìí. Dátà mi ṣàn lọ bí omi ọ̀gbàrá. Mo tan ẹ̀rọ, kernel, ìyẹn ọkàn Linux, ta jí, ó ní ẹ̀rọ yìí ti gbó jù fún òun, ó sì wọ ohun tí wọ́n ń pè ní disabled wait. Nígbà yẹn gbogbo nǹkan á dúró gbagidi, kò ní dá yín lóhùn mọ́ títí ẹ ó fi tún ẹ̀rọ tàn látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀bi mi ni. Ubuntu 20.04 ń béèrè z13 ó kéré tán, z13 yẹn ló sì kọ́kọ́ gbé àwọn ìtọ́ni vector, tó ń ṣírò nọ́ńbà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ inú ìdílé z. Hercules 3.13 ò gbọ́ ọ rí. Bí ìgbà tí èèyàn ń fi ẹnà bá ẹni tí kò gbọ́ ẹnà sọ̀rọ̀ ni. Mo pa á rẹ́, mo lọ mú Hercules tuntun, èyí tí wọ́n ń pè ní SDL Hyperion, mo fúnra mi kọ́ ọ láti orísun rẹ̀. Mo sì mú Debian kan, irú Linux mìíràn, tó dàgbà ju Ubuntu yẹn lọ. Bí ẹ bá fẹ́ dán èyí wò, ẹ kọ́kọ́ wo irú ẹ̀rọ z tí Linux yín ń béèrè kí ẹ tó na owó dátà. Ọjọ́ kan gbáko ni mo fi ra ìmọ̀ yẹn.

Díìsìkì

`dasdinit -z deb.120 3390-3 DEB001`

Ìlà kan yìí dá díìsìkì 3390 sílẹ̀ nínú fáìlì lásán. Ẹ̀yà 3 rẹ̀ ní cylinder 3,339, track 15, ìyẹn ìlà yípo tí wọ́n ń kọ nǹkan sí, wà lórí cylinder kọ̀ọ̀kan, track kọ̀ọ̀kan sì lè gba byte 56,664. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2.84GB. Àmọ́ nígbà tí Linux ṣètò rẹ̀ tán, 2.46GB péré ló kù. Ó kọ́kọ́ dà bíi kọ́ńgò àwọn oníràìsì kan, tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú kó tó dé ọjà.

Kò sẹ́ni tó jí i. Lórí irú díìsìkì yìí, àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín búlọ́ọ̀kù kan àti èkejì, bí àlàfo ṣe gbọ́dọ̀ wà láàárín dánfó méjì nínú gáréèjì kí awakọ̀ lè ráyè ṣílẹ̀kùn. Linux ń lo búlọ́ọ̀kù onibyte 4,096, méjìlá nínú rẹ̀ ló sì lè wọ orí track kan. Méjìlá lọ́nà 4,096 jẹ́ 49,152. Èyí tó ṣẹ́ kù, àlàfo ló jẹ ẹ́. Kékeré ni Debian tí kò ní àwòrán, ó wọ inú 2.46GB láìfúnpọ̀.

Bàbá gbọ́ tí mò ń ka nọ́ńbà yìí sókè, wọ́n ní 3350 ni tiwọn nígbà náà, pé ọ̀kan ń gba 317MB, pé àpótí rẹ̀ sì tóbi ju fíríìjì lọ. Wọ́n wo fáìlì mi tí kò tíì tó 1MB, nítorí àmì `-z` yẹn ń fún un pọ̀ títí nǹkan gidi á fi wọ inú rẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan.

Bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń ronú

Àwa tó dàgbà lórí PC gbà pé kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní ojú tirẹ̀ àti kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà àgbà ò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo nǹkan tó wà níta rẹ̀, díìsìkì, téèpù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì, títí kan ojú tí òṣìṣẹ́ ń wò, dífáìsì onínọ́ńbà ni wọ́n. Ojú CPU, ọpọlọ ẹ̀rọ, kì í sì í kúrò lórí iṣẹ́ rẹ̀ láti lọ tọ́jú wọn.

Ẹ ronú sí ẹni tó ń ṣe òwàǹbẹ̀. Ẹ ò lè rí olóríire náà kó máa gbé kúlà kiri. Ó ti kọ ohun tí wọ́n máa pín sínú ìwé, ó ti fún olórí alásè, ó ti padà sójú agbo. Nígbà tí gbogbo tábìlì bá jẹun tán, ẹnìkan á wá sọ fún un létí pé ó ti tán. Channel ni alásè yẹn. Ìwé tí CPU fún un ni channel program, ọ̀rọ̀ tí wọ́n wá sọ létí yẹn ni interrupt. Báyìí ni IBM ti ṣe é láti ìgbà tí wọ́n ti kéde System/360 ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1964, òun ló sì jẹ́ kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo máa ka téèpù, máa tẹ ìwé, máa ṣírò owó oṣù nígbà kan náà.

Linux bọ̀wọ̀ fún ètò yìí. Díìsìkì mi ni 0.0.0120, nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi ni 0.0.0a00. Dífáìsì tí ẹ ò bá tíì tàn, kò ní sí lójú rẹ̀ rárá. `chccwdev -e 0.0.0120` ni ẹ ó fi pè é wọlé kó tó di /dev/dasda. Mo jókòó wo `ls /dev` fún ogún ìṣẹ́jú, mò ń wá díìsìkì tí n kò tíì pè.

Àmì ìdánudúró

Ìyà console, ojú tí a ti ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi jẹ díẹ̀.

Ojú kan náà tí ẹ ti ń pàṣẹ fún Hercules ni Linux náà ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Báwo ni Hercules ṣe máa mọ ẹni tí ẹ ń bá wí? Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti Linux, ẹ ó fi àmì ìdánudúró ṣáájú rẹ̀. Ẹ fẹ́ wọlé bíi root, ọ̀gá ẹ̀rọ? `.root`. Ẹ fẹ́ yan nọ́ńbà 3 nínú ohun tí Debian tò síwájú yín? `.3`. Ẹ fẹ́ kí Linux wo fáìlì? `.ls`. Bí ẹ bá gbàgbé àmì yẹn, Hercules á rò pé òun ni ẹ ń bá wí, á ní òun ò mọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Mo gbàgbé rẹ̀ ní ìgbà tí n kò lè kà. Lọ́jọ́ kejì mo jókòó níbi iṣẹ́, mo fi àmì ìdánudúró ṣáájú àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi.

Kò tán síbẹ̀. Ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan ni console yìí ń gbà, nítorí náà `vi`, tí a fi ń tún fáìlì kọ, ò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. `sed` àti `ed` ló kù fún yín, irinṣẹ́ àwọn bàbá wa. Bẹ́ẹ̀ ni EBCDIC, ọ̀nà tí IBM fi ń sọ lẹ́tà di nọ́ńbà, ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá níbẹ̀, Linux fúnra rẹ̀ sì ń lo ASCII àti UTF-8 nínú. Mo kọ "Ẹ káàbọ̀" sí ìlà tó máa ń jáde kí èèyàn tó wọlé. Pàǹtírí ló jáde lójú console. Nígbà tí mo wá fi ssh, tí a fi ń wọ ẹ̀rọ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọlé, ó jáde pẹ̀lú gbogbo àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà gbọ́ Yorùbá, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni kò gbọ́.

Alẹ́ méjì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Debian ti mọ̀ pé console yìí kò ṣeé gbé, nítorí náà ohun tó kọ́kọ́ ń béèrè ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ó bá ti rí i, á ní kí ẹ lọ jókòó síbi tó dáa, kí ẹ fi ssh wọlé pẹ̀lú orúkọ "installer", kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ìlà tí mo kọ sínú fáìlì ètò Hercules nìyí:

`0A00,0A01 CTCI 10.1.1.2 10.1.1.1`

CTC ni kí channel ẹ̀rọ kan so mọ́ channel ẹ̀rọ mìíràn tààrà. Okùn kan, ẹni méjì, kò sí ẹlòmíràn lójú ọ̀nà. 10.1.1.2 ni Linux tó wà nínú, 10.1.1.1 ni láptọ́ọ̀pù mi.

Kò ṣiṣẹ́. Mo yí nọ́ńbà, mo yí okùn, mo bínú sùn. Lálẹ́ kejì ni mo tó rí i pé hercifc, ètò kékeré tí Hercules fi ń ṣètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbọ́dọ̀ ní àṣẹ root, èmi tí mo fúnra mi kọ́ Hercules ò sì fi `--enable-setuid-hercifc` sí i nígbà tí mò ń ṣe configure. Mo tún un kọ́. Ping lọ, ping bọ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ inú kò rí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí láptọ́ọ̀pù mi kò gbà láti bá a gbé ẹrù rẹ̀ kọjá. `net.ipv4.ip_forward=1` àti ìlà MASQUERADE kan nínú iptables, ó tán. Ìyẹn gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, hercifc ló jẹ gbogbo ìyókù.

Wọ́n mú iná lọ

Ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, mo ń wo ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹ̀wà lórí iná. Lẹ́yìn agogo méjìlá, ní 62%, wọ́n mú iná lọ. Mo ti sùn. Bátìrì ṣe ogójì ìṣẹ́jú tirẹ̀, ó kú, ó gbé kọ̀ǹpútà àgbà àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ.

Ohun tí mo bá lówùúrọ̀ rèé. Díìsìkì tí wọ́n fún pọ̀ ń lo tábìlì kan láti rántí ibi tí track kọ̀ọ̀kan wà nínú fáìlì. Bí iná bá lọ nígbà tó ń kó ẹrù láti ibì kan sí ibòmíràn, tábìlì á máa tọ́ka síbi tí ẹrù ti ṣí kúrò. `cckdcdsk -3` tún tábìlì náà ṣe lóòótọ́, fáìlì náà sì ṣí. Ṣùgbọ́n e2fsck, tó ń yẹ díìsìkì wò, rí ìdọ̀tí púpọ̀, dpkg, olùtọ́jú àkọsílẹ̀ Debian, sì ti gbàgbé ohun tó ti gbé wọlé àti èyí tí kò tíì gbé. N kò bá a jà. Mo pa á rẹ́.

Ibi tí mo parí iṣẹ́ sí ni ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà lójúde wa. Sólà wà lójú òrùlé rẹ̀, iná rẹ̀ kì í kú. Mo gbé láptọ́ọ̀pù sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí rẹ̀ láti àárọ̀ títí ọjọ́rọ̀, mo gẹrun lẹ́ẹ̀kan tí n kò fẹ́ gẹ̀ ẹ́ kí ó má bàa dà bíi pé ọ̀fẹ́ ni mò ń jẹ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lo shadow file: Hercules á fi díìsìkì àkọ́kọ́ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, gbogbo àyípadà á máa lọ sínú fáìlì mìíràn. Bí iná bá ba ti òkè jẹ́, ti ìsàlẹ̀ ṣì wà.

Bàbá ka díìsìkì

Ọjọ́ tí ó jí, mo lọ pe Bàbá. Mo fi `uname -m` hàn wọ́n, ó ní s390x. Mo fi /proc/cpuinfo hàn wọ́n, ó ní IBM/S390. Wọ́n mi orí bí ẹni pé ẹnikẹ́ni lè kọ ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà. Òótọ́ sì ni, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́.

Mo bá tẹ èyí:

`dd if=/dev/dasda bs=4096 skip=2 count=1 | xxd | head -1`

Ohun tó jáde bẹ̀rẹ̀ báyìí: `e5d6 d3f1 e5d6 d3f1 f0e7 f0f1 f2f0`. Lápá ọ̀tún, níbi tí xxd ti máa ń fi lẹ́tà hàn, àmì ìdánudúró lásán ló kún ibẹ̀, nítorí ASCII ni xxd mọ̀.

Bàbá gbé gíláàsì wọn sókè. Wọ́n fi ìka tẹ ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń kà á bọ̀ bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ: "E5, V. D6, O. D3, L. F1, oókan." Wọ́n dákẹ́. "VOL1 nìyí. Lébẹ̀ẹ̀lì díìsìkì ni." Wọ́n tún ka ìyókù: "Òdo, X, òdo, oókan, eéjì, òdo. Ta ló kọ èyí síbẹ̀?"

Linux ni. Nígbà tó ń ṣètò díìsìkì, ó sọ ọ́ ní 0X0120 láti ara nọ́ńbà dífáìsì, ó sì fi EBCDIC kọ ọ́, nítorí ibi tí àwọn ètò IBM yòókù máa ń wò nìyẹn. Ó ti rọ́pò DEB001 tí èmi kọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.

Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe rántí lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Wọ́n ní kò sí ohun ìrántí níbẹ̀, káàdì ni. Lórí káàdì, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ihò méjì: ọ̀kan lókè tó ń sọ agbo ilé rẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀ tó ń sọ ipò rẹ̀ nínú agbo ilé. A dé I wà lábẹ́ ihò 12, J dé R lábẹ́ 11, S dé Z lábẹ́ òdo. EBCDIC kan gbé agbo ilé mẹ́ta yẹn, ó sọ wọ́n di C, D àti E. Ìdí nìyẹn tí A fi jẹ́ C1 tí J fi jẹ́ D1, tí S sì fi jẹ́ E2 dípò E1: àtorí káàdì ni agbo ilé kẹta ti ń bẹ̀rẹ̀ láti eéjì. Mo ti ka tábìlì EBCDIC nígbà mélòó kan, mo ti bú ẹni tó ṣe é pé lẹ́tà rẹ̀ kò tẹ̀léra. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni Bàbá fi yanjú ẹ̀ pẹ̀lú ìka ọwọ́ wọn.

Nígbà yẹn ni wọ́n tó béèrè ẹni tó kọ́kọ́ ronú àtigbé Unix, ètò àgbà tí Linux ń farawé, sórí irú ẹ̀rọ yìí. Mo ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, pé Tom Lyon ti ń gbé Unix sórí VM/370, ètò IBM tó ń pín ẹ̀rọ kan sí púpọ̀, ní yunifásítì Princeton láàárín ọdún 1970 sí 1979, pé ibẹ̀ ni UTS, Unix tí ilé iṣẹ́ Amdahl tà, ti ṣẹ̀. IBM náà ní AIX/370 tirẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ti Linux, Linas Vepstas àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe Bigfoot, ẹ̀dà Linux tiwọn fún ẹ̀rọ yìí, fún ara wọn, kó tó di pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ IBM ní Böblingen, ní Jámánì, gbé tiwọn jáde ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá 1999. Èyí tí Böblingen ló wá dúró. Lọ́dún 2000, David Boyes fi VM pín ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ó tan Linux 41,400 sórí ẹ̀ nígbà kan náà kí ààyè tó tán.

"Ẹgbàá lọ́nà ogún lé?" Bàbá ní. "Lórí ẹ̀rọ kan? Ta ló ń san owó iná?"

Gbèsè Màmá

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Mo wá ní kí n gbé ètò gidi kan sórí ẹ̀, kó má jẹ́ `ls` lásán la ó máa tẹ̀. Ètò kan wà tí mo fi èdè ìkọ ètò tí wọ́n ń pè ní C kọ fún Màmá mi, tí wọ́n ń gba àjọ ní ọjà. Orúkọ, iye, ọjọ́, ó ń kó wọn sínú fáìlì. Ọdún mẹ́ta ló ti ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù mi láìṣe mí rí. Mo gbé orísun rẹ̀ lọ, mo fi gcc kọ́ ọ lórí s390x, kò ráhùn. Mo gbé fáìlì àjọ náà tẹ̀lé e.

Oníbàárà àkọ́kọ́ tó dá ₦5,000 jẹ wá ní gbèsè ₦2,012,020,736.

Mo pe Màmá láti fi ṣẹ̀fẹ̀. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n má fi orúkọ oníbàárà àwọn ṣeré, kí n sì bá àwọn ra ìwé ogójì ewé méjì bọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Ní hexadecimal, ìkà onímẹ́rìndínlógún tí kọ̀ǹpútà ń lò, 5,000 ni 00001388. Láptọ́ọ̀pù mi, gẹ́gẹ́ bíi gbogbo ẹ̀rọ Intel, ń kọ ọ́ sínú fáìlì láti ẹ̀yìn wá: 88 13 00 00. Kọ̀ǹpútà àgbà ń kọ ọ́, ó sì ń kà á, bí a ṣe ń kọ nọ́ńbà sórí ìwé, èyí tó tóbi ṣáájú. Ó ka 88130000, 8 tó wà níwájú sì sọ ọ́ di òdì. Ó ka ohun tí mo kọ gan-an. Èmi ni mo da `int`, ìyẹn nọ́ńbà odidi, sínú fáìlì pẹ̀lú `fwrite` láìsọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà kà á. Mo fi `htole32` síbi ìkọ̀wé, `le32toh` síbi ìkàwé, ₦5,000 padà di ₦5,000.

Èkejì ló dójú tì mí jù. Apá tó ń ka àtòjọ orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, kò sì dúró. CPU wà ní 100%, MIPS Hercules, tó ń ka bí ìtọ́ni ṣe ń yára lọ, ń sáré, láptọ́ọ̀pù ń mí bí ẹni tó sá gun afárá Third Mainland. Wákàtí kan kí n tó rí i:

`char c; while ((c = getchar()) != EOF)`

EOF, àmì òpin fáìlì, jẹ́ òdì oókan. Lórí Intel, `char`, àpótí tó ń gba lẹ́tà kan, lè gba nọ́ńbà òdì, nítorí náà ó ń rí òpin fáìlì, èmi sì rò pé mo mọ C. Lórí s390x, `char` kò ní òdì. Òdì oókan á di 255 nínú rẹ̀, 255 kò sì lè bá òdì oókan dọ́gba láéláé. `int c`, ó tán. Inú ìwé C àkọ́kọ́ tí mo kà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé `int` ni kí a lò. Ẹ̀rọ tí mo fi ń kọ́ṣẹ́ ń bo àṣìṣe yẹn mọ́lẹ̀ fún mi láti ọjọ́ yìí wá.

Mo ti padà gbé ètò mẹ́rin mìíràn tí mo kọ lọ síbẹ̀. Méjì ṣubú.

Ibi tí a dé

Ó ń ṣiṣẹ́. Kò yá: `apt update` tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú kan lórí láptọ́ọ̀pù, mo lè lọ ra búrẹ́dì kí n padà. Ooru rẹ̀ pọ̀, mo fi ìdérí ìgò mẹ́rin gbé ìdí láptọ́ọ̀pù sókè. Màmá ti padà sórí ìwé ogójì ewé, mo sì ń rọ̀ wọ́n.

Bàbá ní ohun tó kù ni téèpù. Hercules lè fi fáìlì ṣe téèpù, Linux sì ní dráífà rẹ̀, nítorí náà mo ti ṣèlérí. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wá kan ilẹ̀kùn mi láìbọ́ agbádá, wọ́n ní kí n pa ẹ̀rọ náà kí n jẹ́ kí àwọn fúnra àwọn tàn án. Mo pa á dáadáa, mo dìde fún wọn. Wọ́n ká ọwọ́ agbádá sórí èjìká, wọ́n fi ìka kan ṣoṣo tẹ `ipl 120`, wọ́n tẹ Enter. Lẹ́yìn náà wọ́n fẹ̀yìn ti àga, wọ́n ní kí n lọ gbé omi tútù wá, pé wọn kì í dúró tì í.